Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì fún Ìdágbére Meng Suyin

Datong,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ, 2024

Yuexia ọmọ mi,

Mo jẹ èèpo igi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, nítorí kò sí ohun mìíràn nínú ìkòkò ìyá mi. Mo kàwé dé kíláàsì kejì péré, wọ́n bá ní kí n wá máa da àgùntàn. Okùn ni mo fi ń so bàtà mi kó má bàa já sílẹ̀. Mo ru èédú jáde nínú kòtò fún ọdún mẹ́sàn-án. Òrùlé kòtò yẹn wó lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan, àárọ̀ ni ó wó, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó yọ mí, mò ń fi òkúta lu páìpù ní gbogbo àkókò yẹn kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Mo ta kásẹ́ẹ̀tì létí ọ̀nà, àwọn agbófinró gba apẹ̀rẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ jóná kanlẹ̀. Ìyá rẹ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo là kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì rí omijé mi níta. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún ọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó le tó bí mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì Meng Suyin lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Má rẹ́rìn-ín. Kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé dáadáa lo wà? Anqi ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé nígbà tí ooru bá ń mú wa níbí ni òtútù ń mú ẹ̀yin ní Ọsirélíà. Ilẹ̀ wo ló ń ṣe báyẹn? Ẹ wọ aṣọ tó nípọn.

Meng Suyin fẹ́ dágbére fún ayé orin. Ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó ní ohùn òun kò tíì lọ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kó jẹ́ pé òun lòun kọ ohùn sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ohùn ló kọ òun sílẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ àgbà! Ìlú mẹ́jọ ló fẹ́ dé. Taiyuan wà nínú wọn, Sátidé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, ní pápá ìṣeré ńlá. Singapore ló ń gbé báyìí, ibẹ̀ ni yóò ti wá. Suyin wa náà ni, ibi yòówù kó máa sùn.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ní títà yóò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. O mọ Màmá Qiao, tó ń darí àwọn ìyá tó ń jó ní gbàgede iwájú ilé wa. Ó kó fóònù mẹ́rin sórí tábìlì mi: tèmi, tirẹ̀, ti ọmọ rẹ̀, ti ọkùnrin tó ń ta núdù nísàlẹ̀ ilé. Ó ní, "Genwang, ìka rẹ ti le jù, ìka èédú ni. Fi sílẹ̀ kí èmi tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ìka èédú yìí ló kọ́ ilé tí o jókòó sí."

Ó ní, "Ó kọ́ ilé, kò kọ́ fóònù."

Aago mẹ́wàá lù. Kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti tán. Ẹgbàá ogún ìjókòó! Fóònù mẹ́ta ló sọ fún wa pé kò sí mọ́. Èyí tí ìka èédú tẹ̀ nìkan ló mú nǹkan wálé. Ìlà kẹta, ìjókòó méjì tó fara kan ara. Ọ̀kan lórúkọ mi, ọ̀kan lórúkọ rẹ. Inú ìwé ìdílé wa, tí ìjọba kọ orúkọ gbogbo ará ilé sí, ni mo ti da nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ kọ. Ojú ewé rẹ mọ́ tónítóní, òun ló tẹ̀lé ti ìyá rẹ.

Nítorí náà, wá. Sọ fún wọn níbi iṣẹ́ rẹ pé bàbá rẹ pè ọ́. O kò tíì wálé láti ìgbà tí a sin ìyá rẹ, ọdún mẹ́fà rèé. N kò bá ọ jà. Mo kàn ń kà á ni.

N kò sì ní bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù dà bí ooru ẹnu nígbà òtútù, kí o tó wò ó ó ti lọ. O mọ̀ pé inú páálí kásẹ́ẹ̀tì Suyin ni mo ti kọ́ ìwé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ orin nínú bébà kékeré yẹn, ẹ̀rọ á máa kọ ọ́, èmi á máa tẹ̀lé e. Ẹni tí olórin kọ́ níwèé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwé náà dípẹtà.

Èmi ni bàbá rẹ tí kòtò gbé mì tó tún pọ̀ jáde,
Hao Genwang


Adelaide,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà yín dé, Anqi ló kọ́kọ́ já a, ó ní òórùn ilé bàbá àgbà wà nínú rẹ̀. Mo rò pé òórùn ọtí kíkan yín ni. Ṣé orí tábìlì oúnjẹ lẹ ti kọ ọ́ ni?

Dáadáa ni a wà. Òtútù mú wa, ṣùgbọ́n òtútù ibí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Datong. Ilé ìwòsàn kún, àwa tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò ráyè mí. Anqi ti wọ kíláàsì kejì. Mo sọ fún un pé kíláàsì kejì lẹ parí sí, ó ní, "Nígbà náà, ó ku díẹ̀ kí èmi náà lówó."

Mo bá yín yọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ìlà kẹta! Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbí, Ye Chenfei ni wọ́n ń gbọ́ báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi nǹkan dídán sí etí yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wẹ̀ fún Anqi, orin Suyin ló ń bọ́ sí mi lẹ́nu, ọmọ náà sì ti mọ ọ̀kan dé ìdajì.

Nípa wíwá mi, iṣẹ́ ló pọ̀, Bàbá. Oṣù Kẹwàá kì í rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná. Bóyá kí ẹ fún Màmá Qiao ní tèmi, kó má bàa ṣòfò. Òun náà fẹ́ràn Suyin.

Ẹ máa mu omi gbígbóná, ẹ má sì máa gbé sípíkà fúnra yín mọ́.

Ọmọ yín,
Yuexia


Datong,
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹjọ, 2024

Yuexia,

Mo kí ọ, mo kí Anqi. Sọ fún un pé ó gbọ́n jù ọ́ lọ.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹyin wò bóyá ó ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òtútù wà níbẹ̀. Ohun tí mo bèèrè nìkan ni n kò rí.

O wá ní kí n fún Màmá Qiao ní tìrẹ. O ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù, o ò mọ bí ilé ṣe rí mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ayé ìsinsìnyí kì í ṣe bébà tí à ń fi lé ara ẹni lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i ni yóò jókòó síbẹ̀, kò sí pàṣípààrọ̀. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà pápá, wàá gbé káàdì ìdánimọ̀ lé ẹ̀rọ lórí. Ẹ̀rọ á wo káàdì, á wo ojú rẹ, tí méjèèjì bá bára mu, irin á ṣí. Nítorí àwọn aláròóbọ̀ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pa mọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Tí o kò bá wá, ìjókòó yẹn á ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìlà kẹta, kí gbogbo Taiyuan máa wò ó pé Hao Genwang pe ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò jẹ́.

O dárúkọ Ye Chenfei. Mo ti gbọ́ ọmọ náà. Mo ti lanu láti bú u, ẹnu mi kọ̀. Ṣé o mọ ìdí? "Ẹ̀wù Òtútù Tí O Gbàgbé" ti Suyin ni ọmọ náà tún kọ, ó sì kọ ọ́ bí ẹni gbé ẹyin dání. Àwọn ọmọ ogún ọdún, tí orin náà ti jáde kí bàbá wọn tó mọ ìyá wọn, ń sunkún sí i. Nígbà tí orin bá ti ẹnu ìyá bọ́ sí ẹnu ọmọ, tó tún bọ́ sí ẹnu ọmọ ọmọ fún ogójì ọdún, kì í ṣe orin mọ́, oúnjẹ ni.

Èmi ni kí o bi. Ta ló ń gbé sípíkà lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní gbogbo Datong? Kò sí òkú ọlọ́lá kan tó wọ ilẹ̀ níbí tí sípíkà mi kò sìn ín. Níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ olóògbé á ní, "Ọ̀gá Hao, ẹ bá wa fi orin Suyin sí i." Lọ́jọ́ kejì, níbi ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó á ní, "Ọ̀gá Hao, ẹ bá wa fi orin Suyin sí i." Orin kan náà! Olórin mélòó lo mọ̀ tó lè sin òkú lónìí kó sì mú ìyàwó wọlé lọ́la? Dókítà tó yọ eyín mi lóṣù tó kọjá ń fi imú kọ ọ́ nígbà tí irin rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ gbè é, kò ṣeé ṣe.

Ó yẹ kí n sọ èyí fún ọ tipẹ́. Lọ́dún 1986, nígbà òtútù, Suyin wá kọrin ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà. Ilé-iṣẹ́ ló pín tíkẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́ tó lórúkọ nínú ìwé. Èmi kò lórúkọ, alágbàṣe ni mí. Ìyá rẹ ń fọ aṣọ fún àwọn awakùsà, òun náà kò lórúkọ. A kò tíì fẹ́ra wa. A lọ dúró lẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn náà lórí òkìtì èédú. Mo to bíríkì mẹ́fà léra kí ìyá rẹ lè gùn ún kó yọjú lójú fèrèsé. Kò rí nǹkan kan ju ooru ẹnu àwọn èèyàn tó bo gíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn jáde. Yuexia, mo ti ta sípíkà, mo ti tún sípíkà ṣe, mo ti gbọ́ ohùn tí kò níye. N kò tíì gbọ́ èyí tí bíríkì yà fún lọ́nà bí ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni Suyin nígbà náà.

Ibẹ̀ ni mo ti búra. Mo ní, "Cuilian, èyí ni ìgbà ìkẹyìn tí ìwọ á gbọ́ orin lẹ́yìn ògiri. Èmi Hao Genwang máa mú ọ jókòó síbi tí òógùn olórin á ti ta sí ọ lára." Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, mò ń ra sípíkà. Òmíràn dé, mò ń kọ́lé. Òmíràn dé, mo ní kí n rán ọ lọ sókè òkun ná. Lọ́dún 2018, o mọ ohun tó dé.

Tíkẹ́ẹ̀tì kejì yìí, tirẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ìwọ ni mo fi sípò rẹ̀. N kò fẹ́ lẹ́tà gígùn mọ́. Ṣé o ń bọ̀, àbí o ò bọ̀?

Bàbá rẹ tó ń dúró,
Hao Genwang


Adelaide,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mo fẹ́ wá. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa, ó sì ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti lẹ lẹ́tà yẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fún mi kò lè ṣí irin yẹn. Nọ́ńbà tí ẹ dà kọ nínú ìwé ìdílé kì í ṣe tèmi mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti di ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà. Ẹ mọ̀ pé òfin tiwa kò gba kí èèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí mo gba tibí ni tọ̀hún bọ́ lọ́wọ́ mi. Káàdì ìdánimọ̀ mi wà nínú dúrọ́ọ̀, ojú mi ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun mọ́. Tí mo bá ń bọ̀ wálé, orí ìlà àwọn àlejò ni màá tò sí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè ìdí. Ṣé ẹ rántí pé ibí ni wọ́n bí Anqi sí, pé ìwé ìrìnnà Ọsirélíà bíi ti bàbá rẹ̀ ló ń lò? Nígbàkúùgbà tí a bá ń ti ìrìn àjò bọ̀, òun á tò sí ìlà àwọn onílé, èmi á tò sí ìlà àwọn àlejò. Nígbà ìkẹyìn, ọmọ ọdún márùn-ún ni, èmi nìkan ni mo mú un dání. Obìnrin tó ń ṣọ́ ìlà ní kó lọ dúró lọ́hùn-ún. Ó ń pè mí láti ibẹ̀ pé, "Màámi, ṣé wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wá ni?" Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ̀wé béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ ibí.

N kò sọ fún yín nítorí mo mọ ohun tí ìwé ìdílé yẹn jẹ́ lójú yín. Ojú ewé Màámi, lẹ́yìn náà tèmi. N kò fẹ́ kí ẹ ṣí i kí ẹ rò pé ó ṣẹ́ku ẹ̀yin nìkan.

Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Yuexia


Adelaide,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀méje, ó ń dún, ẹ kò gbé e. Màmá Qiao ní lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín, pé ẹ kà á tán, ẹ pa á pọ̀, ẹ fi sí àpò, ẹ sì jáde láì mú fìlà. Ó ní ara yín le. Ó tún ní ojú yín dà bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Mo fi ìfìwéránṣẹ́ oníkíákíá rán èyí kó lè tètè bá yín.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í wo ẹni tí èèyàn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi àti Anqi á gúnlẹ̀ sí Taiyuan ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ ò ní láti wá pàdé wa bí inú yín kò bá tíì rọ̀. Mo ti rí i lórí fóònù pé àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ́ ẹní sẹ́yìn ògiri pápá ìṣeré, tí wọ́n á máa gbọ́ orin láti ibẹ̀, tí wọ́n á máa bá a kọ ọ́. Èmi àti Anqi á jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wọlé lọ sí ìlà kẹta yín, ẹ ti ṣiṣẹ́ fún un. Tí ẹ bá jáde, ẹ máa bá wa níta.

Anqi ti mọ orin "Ẹ̀wù Òtútù" tán. Ó bi mí léèrè pé, "Ẹni tó gbàgbé ẹ̀wù yẹn, ṣé ó padà wá mú un?" Mo ní kó bi bàbá àgbà.

Ọmọ yín ni mí, ìwé yòówù kó wà lọ́wọ́ mi.

Yuexia


Datong,
Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 2024

Yuexia ọmọ mi,

Èmi rèé. Mo kí ọ, mo kí ọmọ rẹ. Tí mo bá fi èyí sínú àpòòwé, wàá ti dé kó tó dé, nítorí náà Màmá Qiao á yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ mi láti èjìká, ó ní ìkọ̀wé mi burú. Mo ní kó lọ bi Suyin, òun ló kọ́ mi.

Inú bí mi. Kí n má fi bò. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo mú ìwé ìdílé, mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Mo rò pé wọ́n á sọ fún mi pé irọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa mú ìwé yìí wá kí a lu òǹtẹ̀ sójú ewé rẹ̀ pé a ti fagi lé e." Ó ṣí ìwé náà láti fi hàn mí. Ewé ìyá rẹ ló kọ́kọ́ ṣí. Òǹtẹ̀ pupa yẹn wà níbẹ̀ láti ọdún 2018: a ti fagi lé e.

Mo ní, "Ọmọ mi, èyí ni wọ́n lù fún ẹni tó kú. Ọmọ tèmi ṣì ń mí. Ṣé ẹ ò ní òǹtẹ̀ mìíràn ni?"

Ó wo inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ nítorí mi, Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni, Bàbá."

Mo gba ìwé mi, mo jáde. Ìyẹn ni mo fi dákẹ́. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá yan odì. Òǹtẹ̀ yẹn ni.

Lánàá ni lẹ́tà rẹ tó gbẹ̀yìn dé. Mo jókòó sórí àga òkúta létí gbàgede, àwọn ìyá ń jó, sípíkà tèmi ni wọ́n ń lò, orin Suyin sì ni. Màmá Qiao rí mi, ó pa á lójijì. Ìyá mẹ́rìnlélógójì dúró, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.

Ó ní, "Genwang! Ojú rẹ ti kan ju ọtí kíkan ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ń ba ijó jẹ́. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo sọ fún un. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́, ó kàn jáde ni, níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ìyẹn nìkan? Meng Suyin ńkọ́?"

Mo ní, "Kí ló kan Suyin níbẹ̀?"

"Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ń wo bàtà mi.

"Gbójú sókè, ọ̀gá onísípíkà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti di ọmọ ilẹ̀ Singapore, ó wà nínú ìwé ìròyìn, gbogbo wa kà á. Orí ìlà àwọn àlejò lòun náà á tò sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé o torí ìyẹn sun kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Kàkà bẹ́ẹ̀, ìwọ lò ń pariwo 'Suyin wa, Suyin wa' kiri àdúgbò. Ẹni tí o kò bí, tí kò mọ orúkọ rẹ, ìyẹn ni tìrẹ. Èyí tí Cuilian rọbí rẹ̀ ló wá di àlejò lójú rẹ?"

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kó ronú sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi orin wa sí i, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Yuexia, mo ti bá agbófinró jiyàn, mo ti bá ọ̀gá kòtò jiyàn, mo borí. Obìnrin yẹn ló borí mi. Orin náà bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tí ó dá a dúró sí. Mo gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ogójì ọdún ni Suyin ti ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń gba ìwé ilẹ̀ yìí, tó ń gba tọ̀hún. Kò sí òǹtẹ̀ kan tó lè fagi lé e lẹ́nu wa. Ohùn èèyàn kì í gba ìwé kó tó wọlé.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ nínú lẹ́tà ọjọ́sí. Mo sọ ìbúra tí mo bú fún ìyá rẹ lẹ́yìn ògiri, n kò sọ èsì tó fọ̀, nítorí kò bá ìgbéraga mi mu. Nígbà tí mo búra tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríkì mẹ́fà yẹn, imú rẹ̀ dúdú fún èédú. Ó ní, "Genwang, ta ló bèèrè ìjókòó lọ́wọ́ rẹ? Orin ń jáde, o sì dúró tì mí. Kí ló kù?" Mo rò pé ó ń tù mí nínú nítorí n kò lówó. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń gbé sípíkà kiri kí n tó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ló sọ.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ yìí, mo ní kí Màmá Qiao bá mi dá tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì padà. Ó ní, "Ìlà kẹta? Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́, òun kò fẹ́ kí wọ́n bú òun lẹ́yìn ọ̀la. Ìka èédú ló tẹ̀ ẹ́. Kí a tó mí, ẹlòmíràn ti gbà wọ́n. Mo gbàdúrà pé kó jẹ́ àwọn méjì tó fẹ́ra.

Gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa lọ. Ní Ọjọ́ Ajé, màá mú ìwé ìdílé padà lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn, màá ní kó lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Kó lù ú dáadáa. Èmi á dúró wò ó, n kò ní ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà màá fi bírò mi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi ìyẹn mú mi. Ní Ọjọ́rú, màá ra àga kékeré mẹ́ta tí èèyàn ń ká, màá di ẹ̀pà sísun, màá fọ fúláásíkì tíì. Ní Ọjọ́bọ̀, kó tó di aago mẹ́ta, màá ti dúró ní pápákọ̀ òfurufú Taiyuan níbi tí àwọn àlejò ń gbà jáde. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ewé rẹ, tí o fi sílẹ̀ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí a sin ìyá rẹ, á wà lọ́wọ́ mi. Sọ fún Anqi pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ní Sátidé, èmi Hao Genwang, tí kò sí gbọ̀ngàn tí n kò lè wọ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Shanxi wa yìí, màá jókòó sẹ́yìn ògiri pẹ̀lú yín. Màá mú bíríkì mẹ́fà láti ilé, kí ọmọ náà lè gùn ún.